Ìrìn ẹsẹ̀ lẹ́bàá kánàálì láàárín Bingley àti Saltaire: ọ̀nà wo ni ẹni tí kò ní mọ́tò lè gbà?

Àbẹ̀kẹ́ Bradford béèrè pé:

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìfaradà òtútù. Bradford ni mo ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ń ṣe, n kò tíì ní mọ́tò, bẹ́ẹ̀ ni n kò tíì gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ilẹ̀ yìí. Ìyá mi ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó ní ìparí oṣù karùn-ún láti wá lo ìwọ̀n oṣù méjì lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún díẹ̀, ara wọn ṣì le, ṣùgbọ́n orúnkún wọn kò gba òkè gíga mọ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó ti ń fi ẹsẹ̀ rin oko láti kékeré ni wọ́n, wọn kò sì lè jókòó sílé láti òwúrọ̀ di alẹ́ kí wọ́n máa wo tẹlifíṣàn.

Ohun tí mo ń wá ni ibi tí a ti lè rìn fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, tí a ó ti rí omi àti igi àti ẹran ọ̀sìn, tí bọ́ọ̀sì èrò yóò gbé wa débẹ̀, tí yóò sì gbé wa padà wálé. Gbogbo ìwé tí mo kà lórí ìrìn ìgbèríko ni ó ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìgbọ́kọ̀sí, tí ó sì ń parí sí ibi ìgbọ́kọ̀sí kan náà, àfi bí ẹni pé ẹni tí kò ní mọ́tò kò ní ẹsẹ̀. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ dárúkọ kánàálì, odò tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi, tí ó gba Shipley àti Bingley kọjá. Ṣé àgbàlagbà lè rìn ín? Ṣé a kò ní gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí a tó débẹ̀? Níbo ni kí a ti sọ̀ kalẹ̀, níbo ni kí a sì ti wọkọ̀ padà? Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá a lè gba káàdì bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ti àwọn àgbàlagbà fún wọn.

Baba Ìbejì Shipley dáhùn pé:

Ẹ kú ìmúra de Màmá, Ọlọ́run yóò mú wọn gúnlẹ̀ láyọ̀.

Ibi tí wọ́n dárúkọ fún yín gan-an ni èmi náà ì bá kọ́kọ́ dárúkọ. Kánàálì Leeds and Liverpool ni. 127 máìlì ni gígùn rẹ̀, ọdún 1770 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ, ọdún 1816 ni wọ́n sì tó gbẹ́ ẹ já. Ìdí tí ó fi yẹ ẹni tí kò ní mọ́tò ni pé àfonífojì odò Aire há, nítorí náà odò, kánàálì, ojú irin àti títì ọkọ̀ jọ ń tẹ̀ lé ara wọn ni láti Shipley títí dé Keighley. Bọ́ọ̀sì 662, èyí tí ó ń ná Bradford sí Keighley, ń gba Shipley, Saltaire àti Bingley kọjá. Ìtumọ̀ èyí ni pé bí ó bá rẹ Màmá lójú ọ̀nà, títì tí bọ́ọ̀sì ń gbà kò jìnnà ju ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé ènìyàn dé lọ. Àwọn ìrìn mìíràn wà tí ó lẹ́wà ju èyí lọ, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti rìn wọ̀ ọ́ dé àárín, kò sí ohun tí ó lè ṣe mọ́ ju kí ó rìn ín parí.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Bingley, ibi tí ó jìnnà jù, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀ wá sí Saltaire. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe é ní òdìkejì, wọn a bẹ̀rẹ̀ ní Saltaire nítorí pé ó súnmọ́ ilé, wọn a sì dé Bingley pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ó ti rẹ̀, níbi tí òkè tí ó ga jù lójú ọ̀nà náà ti ń dúró dè wọ́n. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní Bingley, ara ṣì wà ní pípé nígbà tí ẹ bá ń gun òkè, lẹ́yìn náà ni ọ̀nà yóò máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tàbí kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ títí ẹ ó fi dópin, ilé yóò sì máa súnmọ́ yín bí ẹ ti ń rìn.

Òkè tí mo ń wí yìí ni lọ́ọ̀kì márùn-ún (yàrá omi onílẹ̀kùn tí ó ń gbé ọkọ̀ ojú omi gòkè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀) tí ó wà ní Bingley, tí wọ́n ń pè ní Five Rise. Ẹ má ṣe jẹ́ kí Màmá kọjá ibẹ̀ láìdúró wò ó. Wọ́n ṣí i ní oṣù kẹta ọdún 1774, ó ń gbé ọkọ̀ ojú omi gòkè tó ìwọ̀n 60 ẹsẹ̀ bàtà, kò sì sí lọ́ọ̀kì àtẹ̀gùn mìíràn ní ilẹ̀ Bìrìtìkó tí ó dagun tó o. Yàrá omi márùn-ún ni, tí a fi òkúta kọ́, tí ọ̀kan jókòó lé èkejì lórí, débi pé ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ yàrá kan ni ilẹ̀kùn òkè yàrá tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà kò sí ibi tí ọkọ̀ ti lè dúró sinmi láàárín, bí ó bá sì ti wọlé, ó di dandan kí ó lọ títí dé òkè. Bí ẹ bá bá ọkọ̀ kan níbẹ̀, ẹ ó rí i tí wọn yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lẹ́yìn, tí wọn yóò fi irin ọwọ́ yí ẹ̀rọ kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tí omi yóò sì ya láti yàrá òkè bọ́ sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ariwo, tí ọkọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ru sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ ló ń tì í. Nígbà tí omi yàrá méjèèjì bá dọ́gba, àwọn ọlọ́kọ̀ yóò fi ẹ̀yìn ti igi gbọọrọ tí ó yọ jáde lára ilẹ̀kùn, tí wọ́n kùn ní dúdú àti funfun, ilẹ̀kùn ńlá náà yóò sì ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tí ń fa omi; omi ni ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Òṣìṣẹ́ tí ń bójú tó lọ́ọ̀kì máa ń wà níbẹ̀ láti darí àwọn ọlọ́kọ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá ṣí omi láìtẹ̀lé ètò lè jẹ́ kí ó kún bo ẹ̀gbẹ́.

Láti ibẹ̀ ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ kọjá lọ́ọ̀kì mẹ́ta mìíràn nítòsí ilé iṣẹ́ ńlá kan tí ó ní ṣímínì gíga, ẹ ó gba ẹ̀yìn ìlú Bingley kọjá, ariwo ọkọ̀ yóò sì dín kù. Lẹ́yìn náà ni Dowley Gap, níbi tí lọ́ọ̀kì méjì wà, kò sì jìnnà síbẹ̀ tí kánàálì fi gun orí afárá ojú méje gba orí odò Aire kọjá. Omi ń ṣàn lórí omi ni. Ẹ dúró ní etí afárá náà, kí ẹ wo odò nísàlẹ̀ láàárín igi. Lẹ́yìn afárá ni igbó Hirst Wood, lẹ́yìn igbó ni Saltaire. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìwọ̀n máìlì mẹ́ta àbọ̀ lọ, ọ̀nà etí omi náà sì dúró dáadáa lábẹ́ ẹsẹ̀.

Ní ti àṣẹ, kò sí ìwé kankan tí ẹni tí ń rìn ní láti gbà, kò sì sí owó tí ó ní láti san. Canal & River Trust, ẹgbẹ́ aláàánú tí ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ British Waterways ní ọdún 2012, ni ó ń bójú tó kánàálì yìí pẹ̀lú ìwọ̀n 2,000 máìlì kánàálì àti odò ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Ẹni tí ó bá fẹ́ pẹja ni ó ní láti ní ìwé àṣẹ.

Ní ti káàdì ọ̀fẹ́, Màmá kò ní lè gbà á, nítorí pé ẹni tí ibùgbé rẹ̀ gan-an jẹ́ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì ti pé ọjọ́ orí owó ìfẹ̀yìntì ìjọba, ni wọ́n ń fún. Ẹni tí ó wá kí ọmọ rẹ̀ kò sí nínú ètò náà, bó ti wù kí ó dàgbà tó. Ṣùgbọ́n kí èyí má ṣe ba yín lọ́kàn jẹ́: láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, owó ọkọ̀ àlọ nìkan lórí àwọn bọ́ọ̀sì tí ó wà nínú ètò ìjọba kò gbọdọ̀ ju £3 lọ, tí ti agbègbè wa sì tún lè dín sí i. Ẹ béèrè tíkẹ́ẹ̀tì ojúmọ́ lọ́wọ́ dírẹ́bà bí ẹ bá máa wọ̀ ju bọ́ọ̀sì méjì lọ ní ọjọ́ kan.

Màmá Tólú Keighley dáhùn pé:

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, Baba Ìbejì ti sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni wọ́n, wọn kò rántí ilé ìtura. Jẹ́ kí Màmá lo ilé ìtura ní Bingley kí ẹ tó bọ́ sí etí omi, nítorí pé bí ẹ bá ti kúrò láàárín ìlú, ilé ọtí kan tí ó wà ní Dowley Gap ni ẹ tún lè rí kí ẹ tó dé Saltaire, kò sì bójú mu kí ènìyàn wọ ibẹ̀ láìra nǹkan. Ra tíì fún wọn níbẹ̀. Àga wà níta, ojú omi ni wọ́n sì kọ sí.

Má ṣe jẹ́ kí wọ́n wọ sálúbàtà tàbí bàtà ṣọ́ọ̀ṣì. Bàtà tí ó bo ẹsẹ̀ dáadáa, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò yọ̀, ti tó. Kò sí ìdí tí o fi ní láti na owó sórí bàtà olówó ńlá tí àwọn agungorí-òkè ń wọ̀. Mú aṣọ òjò dání bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn nígbà tí ẹ ń jáde, mú ṣíọ́ọ̀lù fún èjìká wọn pẹ̀lú, nítorí pé òtútù inú oṣù kẹfà ibí yìí ju ti ọyẹ́ Ìjẹ̀bú lọ lójú ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ohun tí ó yẹ kí o ṣọ́ jù ní etí kánàálì ni kẹ̀kẹ́. Ọ̀nà kan náà ni àwa tí ń rìn àti àwọn oníkẹ̀kẹ́ jọ ń lò, àwọn mìíràn nínú wọn a sì yọ lẹ́yìn ènìyàn lójijì. Rìn ní ẹ̀gbẹ́ omi fúnra rẹ, kí Màmá wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹ má sì fẹ ọ̀nà gbòòrò. Bí ẹ bá gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́, ẹ dúró síbi tí ẹ wà. Fífò síhìn-ín sọ́hùn-ún ni ó ń fa ìkọlù. Níbi tí ọkọ̀ bá so mọ́lẹ̀, ẹ wo ilẹ̀ dáadáa kí okùn má baà kọ́ wọn lẹ́sẹ̀, kí ẹ sì rántí pé ilé àwọn ẹlòmíràn ni ọkọ̀ wọ̀nyẹn. Màmá yóò fẹ́ yọjú wo inú rẹ̀ láti ojú fèrèsé, mo mọ̀ wá. Fi ọgbọ́n fà wọ́n kúrò níbẹ̀.

Ohun kan tí yóò dùn mọ́ wọn nínú ni pé àwọn ènìyàn ń kíra wọn ní etí kánàálì. Àwọn òyìnbó kan náà tí kì í wojú ẹni nínú bọ́ọ̀sì ni yóò sọ pé “morning” bí ẹ bá pàdé lójú ọ̀nà yìí, ajá wọn nìkan ni kò ní kí yín. Jẹ́ kí Màmá dáhùn bí wọ́n ṣe ń dáhùn nílé. Èmi a máa sọ pé “ẹ kú àárọ̀ o” fún wọn, n kò sì tíì rí ẹni tí ó bínú.

Arìnkiri Otley dáhùn pé:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n tako ẹ̀yin àgbà díẹ̀. Kánàálì dára fún ìgbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ àti ẹ̀yìn ọgbà ilé àwọn ènìyàn ni ó ń gbà kọjá ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tí ó sì dàgbà sínú oko kò lè sọ pé òun ti rí ìgbèríko Yorkshire bí kò bá tíì la pápá àgùntàn kọjá. Ohun tí ó ń dẹ́rù ba àwa tí a ti ilé wá ni pé ojú olè ni a fi ń wo ẹni tí a bá bá nínú oko olóko. Níhìn-ín, òfin fi ọ̀nà ẹsẹ̀ lélẹ̀ la inú oko ẹlòmíràn kọjá, àgbẹ̀ tí ó ni ilẹ̀ kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dí i. Ẹ wá àmì ọfà aláwọ̀ ìyeyè lára òpó tàbí géètì: èyí ni ọ̀nà àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn. Bí ọfà bá jẹ́ aláwọ̀ búlúù, ẹlẹ́ṣin àti oníkẹ̀kẹ́ náà lè gbà á. Máàpù Ordnance Survey (àjọ ìjọba tí ń ya máàpù) tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 288 ni ó kó agbègbè Bradford àti Huddersfield, ilà aláwọ̀ ewé tí ó gé wẹ́wẹ́ ni wọ́n sì fi ya irú ọ̀nà wọ̀nyí.

Ohun tí kò tọ́ ni kí ẹ kúrò lójú ọ̀nà bọ́ sínú ọ̀gbìn, tàbí kí ẹ fi géètì tí ẹ bá ní títì sílẹ̀ ní ṣíṣí. Màlúù tí ó ní ọmọ lẹ́yìn ni kí ẹ yà fún pátápátá. Ẹ má ṣe gba àárín ìyá àti ọmọ rẹ̀, bí ọ̀nà tilẹ̀ gba ibẹ̀. Màmá ti mọ èyí kí a tó bí wa.

Fún ọjọ́ tí ara wọn bá yá gágá, ẹ wọ 662 lọ sí Saltaire, ẹ gba afárá kọjá odò sí Roberts Park, kí ẹ sì tẹ̀ síwájú sí Shipley Glen. Tíráàmù kékeré kan wà níbẹ̀ tí ó ti ń gun òkè náà láti ọdún 1895. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ náà, orúnkún Màmá bọ́ lọ́wọ́ òkè nìyẹn. Lókè ni pápá gbalasa Baildon Moor wà, níbi tí ènìyàn ti lè wo gbogbo àfonífojì Aire lẹ́ẹ̀kan náà. Bọ́ọ̀sì wà láti Baildon padà sí Shipley, nítorí náà kò sí ìdí láti padà gba ọ̀nà tí ẹ gbà gòkè.

Ọmọ Ìbàdàn ní Stockport dáhùn pé:

N kò sí ní Yorkshire, ṣùgbọ́n bí Màmá bá máa kí ẹnikẹ́ni ní Manchester, bọ́ọ̀sì láti Stockport ń dé Marple, níbi tí lọ́ọ̀kì 16 ti tẹ̀ lé ara wọn lórí kánàálì Peak Forest, lábẹ́ igi tí ó pọ̀ ju ti Bingley lọ. Ẹ rìn ín láti òkè wá sí ìsàlẹ̀.

Kí n sì fi èyí kún un, nítorí pé ìyá tèmi rẹ́rìn-ín títí nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ: lórí kánàálì Leeds and Liverpool yín yìí kan náà, ní Foulridge lápá Lancashire, ihò kan wà tí kánàálì gbà la abẹ́ òkè kọjá, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 1,640 yáàdì. Ní ọdún 1912, màlúù kan já sínú omi ní ẹnu ihò náà, ṣùgbọ́n dípò kí ó yípadà, ó lúwẹ̀ẹ́ la gbogbo ihò náà já nínú òkùnkùn. Ọtí líle ni wọ́n fún un mu kí ara rẹ̀ tó yá.

Ní ìhà kejì pátápátá ni Liverpool, níbi tí ọkọ̀ epo pupa láti etíkun ilẹ̀ wa ti ń gúnlẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹ lè sọ ìyẹn fún Màmá bí wọ́n bá béèrè ibi tí omi náà ń lọ.

Àbẹ̀kẹ́ Bradford fèsì pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, Màmá Tólú ní pàtàkì. Mo ti pinnu pé Bingley sí Saltaire ni a ó kọ́kọ́ rìn. Ó ku nǹkan méjì. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni iṣẹ́ máa ń yọ̀ǹda mi ní àwọn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn ìsìn. Ṣé bọ́ọ̀sì náà ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ náà? Àbúrò mi sì fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ tí ó wà nínú kẹ̀kẹ́ ọmọdé tẹ̀ lé wa. Ṣé Saltaire náà ní ohun tí Màmá lè rí?

Baba Ìbejì Shipley dáhùn pé:

Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n kì í ya lemọ́lemọ́ bíi ti àárín ọ̀sẹ̀. Ẹ wo àtẹ àkókò ti ọjọ́ Àìkú gan-an, kí ẹ má wo ti ọjọ́ Sátidé, kí ẹ sì tún yẹ̀ ẹ́ wò ní alẹ́ tí ó ṣáájú, nítorí pé wọ́n máa ń yí i padà. Ọjọ́ ìsinmi ìjọba tí ó máa ń bọ́ sí ọjọ́ Ajé ìparí oṣù karùn-ún náà máa ń ní ètò tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kò ní jẹ́ ìṣòro yín, nítorí pé lákòókò yẹn oòrùn kì í wọ̀ kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó kọjá. Nínú oṣù Kejìlá tí òkùnkùn ń ṣú ní nǹkan bí aago mẹ́rin ni n kò ní gbà kí ẹ jáde lẹ́yìn ìsìn.

Kẹ̀kẹ́ ọmọdé lè gba gbogbo ọ̀nà náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Five Rise ni ibi tí ó dagun jù, ẹni méjì ni kí ó sì dì í mú níbẹ̀ bí ẹ bá ń bọ̀ wálẹ̀. Ìṣòro inú bọ́ọ̀sì ni kí ẹ rò: ààyè kẹ̀kẹ́ ọmọ kò pọ̀ nínú bọ́ọ̀sì kan, bí ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara bá sì wọlé, òun ni ààyè náà tọ́ sí, ẹ̀yin ni ẹ ó ká ti ọmọ. Nítorí náà, èyí tí ó ṣeé ká ni kí àbúrò yín gbé wá.

Ní ti Saltaire, ẹ fún un ní wákàtí kan, ó kéré tán. Titus Salt, oníṣòwò irun àgùntàn ní Bradford, ni ó kó ilé iṣẹ́ rẹ̀ kúrò nínú èéfín ìlú wá sí etí odò yìí, tí ó ṣí i ní ọdún 1853, tí ó sì kọ́ ilé tí ó lé ní 800 yí i ká fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n kò gba ilé ọtí láyè. Irun ẹran kan tí wọ́n ń pè ní alpaca, láti Gúúsù Amẹ́ríkà, ni ó sọ ọ́ di olówó. UNESCO fi ìlú náà sínú àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2001. Wọn kò hun aṣọ mọ́ nínú ilé iṣẹ́ náà láti ọdún 1986, àwòrán David Hockney, ọmọ bíbí Bradford, ni ó kún inú rẹ̀ báyìí, ọ̀fẹ́ sì ni ìwọlé. Ẹ yẹ ọjọ́ àti àkókò tí wọ́n ń ṣí wò kí ẹ tó lọ. Àga àti ilé ìtura wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá kúrò níbẹ̀, Victoria Road ni ẹ ó gbà gòkè lọ sí títì tí bọ́ọ̀sì ń gbà. Ó dagun díẹ̀, kò sì sí ọ̀nà àbùjá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí Màmá sinmi nínú ilé iṣẹ́ náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún, kí ẹ sì rí i dájú pé ẹ̀gbẹ́ tí bọ́ọ̀sì ń lọ sí Bradford ni ẹ dúró sí, nítorí pé 662 kan náà ni ó tún ń lọ sí Keighley ní òdìkejì títì.